Bí Bàbá Mi Ṣe Kọ̀ Láti Kú Láìsí Ẹlẹ́rìí Méjì

                                        Yàrá Kẹtàdínlógún,
                                        Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ẹlẹ́yinjú, ọ̀rẹ́ mi tó dùn ún rojọ́ fún,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti ń gbọ́ oògùn? Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́, àtàwọn ọmọ ẹ̀ tí wọn kì í jókòó jẹ́ẹ́? Iṣẹ́ tuntun yẹn ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n gbé tábìlì rẹ sí ní ọ́fíìsì, mo sì rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Má bínú. Ní tèmi, mo wà láàyè, mò ń jẹun, mò ń sùn. Mo mọ̀ pé o ti ń bú mi pé mi ò kọ̀wé láti oṣù méjì. Bú mi dáadáa, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n tóo bá ka ìwé yìí tán, wàá dárí jì mí, torí ọ̀rọ̀ tó wà ńbẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ lórí fóònù, ìwọ gan-an sì lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ta ló sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé kí n fi Ẹ̀ka Òfin sílẹ̀, kí n lọ sí Ẹ̀ka Fíìmù? Àbí ìwọ kọ́ ni? O jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ò ń jẹ bisikíìtì mi, o ní, "Péńpé, ayé ẹ ni o, kì í ṣe ayé bàbá ẹ." O jẹ bisikíìtì tán, o wọ bàtà ẹ, o bá tìẹ lọ. Èmi ni mo wá kù sínú ọ̀rọ̀ náà.

O kúkú mọ bàbá mi. Gbogbo àdúgbò ló ń pè wọ́n ní Bàbá Kóòtù. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé kóòtù kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ohùn tí wọ́n fi ń pe ẹjọ́ níbẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń pè wá wá jẹun nílé. Ṣé o rántí ọjọ́ tí èmi pẹ̀lú ẹ fọ́ ife wọn, tí wọ́n ní kí kálukú wa kọ tẹnu ẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnì kan má wo ti ẹnì kejì? Ìwọ kọ ojú ìwé méjì, o purọ́ látòkèdélẹ̀, o tún fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní Lọ́yà. Nígbà tí mo wá sọ fún wọn pé mo ti kúrò ní Ẹ̀ka Òfin, wọn ò bínú, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Mo ti gbọ́." Láti ọjọ́ náà, oṣù mẹ́jọ gbáko, ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn ò ju "Ṣé àlàáfíà ni?" àti "Ó dàárọ̀" lọ. Ẹlẹ́yinjú, ó dùn mí. Mo máa ń ṣe bí ẹni pé kò kàn mí, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

Ó dáa, jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ìparí sáà wa ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe fíìmù kékeré kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, tí yóò máa sín irú fíìmù kan jẹ. Olùkọ́ wa kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá fẹ́ sín nǹkan jẹ kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, pé kó ṣe é bí ẹni tó gbà á gbọ́ dénú. Àwa mú àwọn fíìmù tí bàbá olówó ti máa ń kú lórí bẹ́ẹ̀dì. O mọ̀ wọ́n. Bàbá á ní òun ń lọ o, gbogbo ilé á bú sẹ́kún, bàbá á tún lajú, á ní ó ku àṣírí kan. Á sọ àṣírí, á dákẹ́, wọ́n á tún sunkún, á tún lajú. Èèyàn á lọ wẹ̀, á jẹun, á fọ abọ́, á padà wá bá a níbi tó ti ń kú. Orúkọ tí a fún tiwa ni "Ó Kù Díẹ̀ Kí N Kú." Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni olùdarí, èmi náà ni mo ń gbé máìkì, torí kò sẹ́lòmíì.

Àwa márùn-ún la wà nínú ẹgbẹ́. Olójú Kan ló ni kámẹ́rà. Ojú ẹ̀ méjèèjì pé o, ṣùgbọ́n ó ti fi ojú kan wo kámẹ́rà débi pé bó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lásán, á di ojú kejì. Òpó, tó ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ yàrá wa, ló ṣe àbúrò olówó, ọ̀dájú ẹ̀dá tó fẹ́ jẹ ìwé ìhágún mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i kà. Ẹlẹ́kún, tí èmi pẹ̀lú ẹ̀ jọ ń gbé yàrá, ló ṣe ìyàwó. Kò sóhun tí kò lè pa á lẹ́kún: sọ fún un pé tíì ẹ̀ ti tutù, omijé ti dé nìyẹn. Ẹni karùn-ún ni Alága, ọmọ kíláàsì wa tó ní ikùn àgbà àti ohùn àgbà. Òun ni bàbá tó ń kú.

Owó ò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wa, nítorí náà yàrá wa la sọ di ilé-ìwòsàn. A fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun bo ògiri. Dírípù wa jẹ́ ọ̀rá omi kan tí a so kọ́ igi ìnulẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fi ṣẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ ọwọ́ aláìsàn. Ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù jẹ́ páálí bàtà mi, a fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé fa ìlà gbágungbàgun sí i lára. Ohùn ẹ̀ ni síbí àti ife. Ẹlẹ́kún á fi ọwọ́ kan di ọwọ́ ọkọ ẹ̀ mú, á máa fi ìkejì lu ife lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: kíń, kíń, kíń. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ẹkún bá ti gbóná, ọwọ́ ẹ̀ á yára, ọkàn olówó á wá máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ìwé kiri ní ilé-ìkàwé la yá kí Olójú Kan lè jókòó sórí ẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, kí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀ máa tì í. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ń han goorogo, ìpara irun mi ni wọ́n sì fi pa á. Ìpara tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí o! Mi ò tíì dárí jì wọ́n.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá la fẹ́ ya ibi tí bàbá ti ń kú, ó sì di dandan ká fi fíìmù náà lé olùkọ́ lọ́wọ́ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì. Alága wá dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Eyín ló ń dùn ún láti ìjẹta, kò sọ fún wa. Oníṣègùn eyín ti gún un lábẹ́rẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wú bí ẹni fi bọ́ọ̀lù sẹ́nu, gbogbo ohun tó ń sọ kò sì ju "fọ, fọ, fọ" lọ. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ jù nínú eré! Mo gbá orí mú. Òpó ní ká sọ pé àìsàn olówó náà ni kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀, mo ní tí kò bá sọ̀rọ̀, irú àṣírí wo ló fẹ́ sọ, ṣé á máa fi ọwọ́ júwe ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹ̀ ni?

Ibi tí a ti ń bá ara wa jà ni wọ́n ti kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Bàbá mi ni. Wọ́n wọ aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ láyé ọjọ́sí, táì wà lọ́rùn wọn, báàgì aláwọ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀ yẹn wà lábíyá wọn. Wọ́n wo bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo dírípù, wọ́n wo Alága. Wọ́n ní, "Lọ́yà, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjì lù. Aago mẹ́rin ni ọ́fíìsì Díìnì ń tì, òní sì ni ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ lè pààrọ̀ ẹ̀ka." Wọ́n fa fọ́ọ̀mù yọ. Orúkọ mi, ọjọ́ ìbí mi, Ẹ̀ka Fíìmù níbi tí mo ti ń bọ̀, Ẹ̀ka Òfin níbi tí mò ń lọ, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ti fi ọwọ́ ìkọ̀wé wọn tó gún régé kọ. Ó kàn ku ibi tí màá fọwọ́ sí ni.

Ẹlẹ́kún ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, èyí kì í sì ṣe ti eré. Bí mo bá tẹ̀lé bàbá mi lójú ẹsẹ̀, àwọn mẹ́rin yìí ò ní fíìmù, òdo ni wọ́n máa gbà. Bí mi ò bá tẹ̀lé wọn, mo mọ̀ pé "Ó dàárọ̀" gan-an á dópin. Òpó wá bẹ̀rẹ̀ sí etí mi, ó ní, "Wo bí wọ́n ṣe dúró. Olówó tó ń kú gan-an nìyí." Ẹlẹ́yinjú, mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn. Mo kàn rí i pé ẹnu mi ń ṣí. Mo ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dùbúlẹ̀ síbí, kí ẹ ṣe bí ẹni tó ń kú. Ká tó rí aago mẹ́ta àbọ̀, a ó ti parí. Tí ẹ bá lè ṣe é, ẹsẹ̀ ara mi ni màá fi tẹ̀lé yín, màá sì fọwọ́ sí i." Wọ́n ní, "Ṣé ìlérí nìyẹn?" Mo ní ìlérí ni. Wọ́n yọ ìwé kékeré kan, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú aago. Má rò pé ẹ̀tàn ni mo fi ṣe é o. Mo rò ó pé bí mo bá tiẹ̀ máa padà sí Ẹ̀ka Òfin, kí n sáà ti ṣe ẹyọ kan ṣoṣo parí láyé mi.

Wọ́n wọ píjámà Alága, ó tóbi lára wọn bí àpò ìrẹsì. Wọ́n ní kí n mú ìwé eré wá. Wọ́n dùbúlẹ̀ pẹ̀lú dírípù lọ́wọ́, wọ́n gbé awò ojú sójú, wọ́n fa bírò pupa yọ. Ojú ìwé mẹ́rin péré ni o, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń mi orí, o máa rò pé èmi ni mo pààyàn. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ti ṣe tán. Mo pariwo pé ká bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́kún bú sẹ́kún, kíń, kíń, kíń. Bàbá mi fi ohùn tí wọ́n fi ń pe ẹjọ́ sọ pé, "Ìyàwó mi, ilé tó wà lórí òkè, mo fi fún…" Wọ́n bá dìde jókòó. Wọ́n ní, "Ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀?"

Ẹlẹ́kún ní kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́, pé ẹnu lásán ni. Bàbá ní ta ló sọ fún un pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń pín ilé. Mo yára sọ pé ìwé ìhágún wà, pé Òpó ni yóò jẹ ẹ́ tó bá yá. Mo ní kí Òpó mú un wá. Òpó ń wo àjà. Ó ní òun ti jẹ ẹ́. Ó ní òun ń dán an wò ni, kó má baà há òun lọ́fun níwájú kámẹ́rà, ó sì ti lọ kí òun tó mọ̀. Bàbá mi yí ojú sí mi. "Ẹ̀dà ẹ̀ ńkọ́?" Mo ní kò sí ẹ̀dà. Ojú tí wọ́n fi wò mí yẹn, àwọn olè nìkan ni wọ́n máa ń fi wò tẹ́lẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí báàgì wọn, wọ́n yọ bébà onílà mẹ́ta àti bébà kábọ̀n méjì tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà. Ta ló ń gbé kábọ̀n kiri láyé tí a wà yìí? Wọ́n to gbogbo ẹ̀ lé ara wọn, wọ́n fi àyà lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ikú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé.

Wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n ní àwọn ẹlẹ́rìí ńkọ́. Ẹlẹ́kún na ọwọ́, wọ́n ní ìyàwó tó ń jogún ò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Òpó na ọwọ́, wọ́n ní ẹni tó ti jẹ ìwé àkọ́kọ́! Alága ní "fọ, fọ," wọ́n ní ẹni tí kò lè pe orúkọ ara ẹ̀ kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí ohunkóhun. Mo ní, "Bàbá mi, eré ni." Wọ́n ní, "Ojú mi ló máa wà níbẹ̀. Àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ á rí i. N kò ní kú láìsí ẹlẹ́rìí méjì, kí àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà." Wọ́n pa ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wo aago, ó ti di aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fa Ìyá Agbálẹ̀ wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ wọn, mo tún fa káfíńtà kan tó ń tún fèrèsé yàrá kejì ṣe wọlé pẹ̀lú òòlù ẹ̀. Mo ṣẹ́jú sí Olójú Kan pé kó má pa kámẹ́rà, ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀.

Ìyá Agbálẹ̀ ní àwọn kì í fọwọ́ sí ohun tí àwọn ò bá kà. Inú bàbá mi dùn, wọ́n ní kí gbogbo wa wo obìnrin tó gbọ́n. Ìyá wá ń kà á sókè: pé èmi, tí orí mi pé pérépéré bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú ti dé ẹnu ọ̀nà, fi ọkọ̀ mi tí kò ní ẹ́ńjìnnì fún ìyàwó mi, mo fi ilé tí n kò tíì kọ́ fún un pẹ̀lú, mo sì fi gbogbo ọ̀tá mi fún àbúrò mi, kí ó máa tọ́jú wọn. Ohun tí mo kọ ni wọ́n ń kà, gbogbo ẹ̀ ni bàbá mi sì dà kọ láìyí ohunkóhun padà, torí wọ́n ní ohun tí olówó bá fẹ́ ni olówó fẹ́. Ìyá Agbálẹ̀ dúró. Wọ́n ní, "Ilé tí wọn ò tíì kọ́ yìí, òpópónà wo ló wà?" Bàbá mi ní ìbéèrè tó dáa ni. Wọ́n tún un ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ìwé, wọ́n fọwọ́ sí àtúnṣe náà, wọ́n padà dùbúlẹ̀ láti máa kú lọ. Ìṣẹ́jú kan, wọ́n tún dìde, wọ́n ní àwọn gbàgbé ọjọ́.

Ẹlẹ́yinjú, mo ti ki etí aṣọ mi bọ ẹnu kí n má baà bú sẹ́rìn-ín sínú máìkì. Kẹ̀kẹ́ tí Olójú Kan jókòó lé ń gbọ̀n. Èyí tó pa wá kúkú ni ti káfíńtà. Ó gba bírò, ó ní kó tó fọwọ́ sí i, ṣé wọ́n lè tìtorí ẹ̀ pe òun sí kóòtù? Bàbá mi, tí wọn kò purọ́ rí, ní wọ́n lè pè é. Káfíńtà sọ bírò kalẹ̀, ó bẹ́ jáde. Ìgbà yẹn ni aláìsàn dìde! Bàbá mi gbá igi ìnulẹ̀ mú pẹ̀lú dírípù lórí ẹ̀, wọ́n fi píjámà gbàràmù yẹn sáré tẹ̀ lé e ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ké pé, "Ẹlẹ́rìí! Ẹlẹ́rìí, padà wá!" Alága ti Olójú Kan lórí kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wọn. Ẹlẹ́kún gbé ife àti síbí, ó ń sáré lẹ́yìn, kíń, kíń, kíń, pé bí òun bá dúró, ọkàn ọkọ òun á dúró. Àwọn ọmọbìnrin ń yọ orí síta láti yàrá sí yàrá. Bàbá mi fi ohùn kóòtù kígbe mọ́ wọn pé, "Ìdákẹ́jẹ́!" Ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa lọ́lọ́. Wọ́n di káfíńtà mú ní ẹnu àtẹ̀gùn, wọ́n sì fi sùúrù ṣàlàyé iṣẹ́ ẹlẹ́rìí fún un títí ó fi gbà.

Nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i tán, bàbá mi padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n pín ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n fún Òpó ní èyí tí yóò jẹ, wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n to ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì kú. Wọn ò lajú mọ́. Wọn ò tún sọ àṣírí kankan. Ìwé eré ní kí wọ́n jí lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣùgbọ́n bàbá mi ní lójú tiwọn, ẹni tó ti fọwọ́ sí ìwé ìhágún kò ní ohun tó tún kù. Ẹlẹ́kún gbàgbé láti sunkún, ife dákẹ́. Mo gbé máìkì dúró lórí wọn, mo ń wo ojú wọn níbi tí wọ́n ti dì í, irun funfun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ etí wọn ti pọ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Mi ò fẹ́ràn ohun tí mò ń wò rárá. Máìkì bọ́ lọ́wọ́ mi, mo kígbe pé, "Bàbá mi!" Wọ́n la ojú kan. Wọ́n ní, "Ṣé ó ti tó?"

Jẹ́ kí n yára sọ ti máàkì fún ẹ, torí ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kékeré ibẹ̀. A fi fíìmù sílẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n fi han gbogbo kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín títí awò ojú wọn fi bọ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fọ́, wọn ò sì bínú. Àwa la gba ipò kìíní. Wọ́n ń bi mí léraléra pé eléré wo la lọ mú wá, pé àwọn ò rí ẹni tó ń sín nǹkan jẹ tí kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Agbálẹ̀ náà wá wò ó, wọ́n ní ohun kan ṣoṣo tó ń dun àwọn ni pé wọn ò jẹ́ kí àwọn ka ìlà tó gbẹ̀yìn.

Bá mi padà sí Ọjọ́bọ̀ báyìí. Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, bàbá mi ti wọ aṣọ dúdú wọn padà, táì ti gún. Mi ò jẹ́ kí wọ́n bi mí. Mo gbé báàgì wọn, a jáde. A rìn láti ibí dé ọ́fíìsì Díìnì. Obìnrin akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà, ó ti ń kó ẹrù ẹ̀ jọ kí aago mẹ́rin lù. Ó fi ìka hàn mí níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fọwọ́ sí. Mo fọwọ́ sí i. Lábẹ́ ẹ̀ ni ibi tí òbí ti ń fọwọ́ sí i pé níṣojú òun ni ọmọ òun ṣe fọwọ́ síwèé náà. Bàbá mi ṣí bírò wọn. Ẹlẹ́yinjú, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n wò mí láti òkè awò ojú, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo fọwọ́ síwèé yìí?" Mo ní èmi ni. "Ṣé ohun tó wà nínú ẹ̀ yé ọ?" Mo ní ó yé mi. "Ṣé tinútinú lo fi fọwọ́ sí i, láìsí ẹni tó fipá mú ọ, láìsí ẹni tó fi ìlérí tàbí ohunkóhun fà ọ́ síbẹ̀?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ni mo fẹ́ sọ! Ó kù díẹ̀ kí ọ́fíìsì tì, ohun tí mo ṣèlérí ni, mo sì ti gba tèmi. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn, o mọ̀ ọ́n, mi ò lè purọ́ fún un láti kékeré, ìwọ nìkan lo lè ṣe é. Mo ní, "Rárá, bàbá mi. Kí ẹ lè bá mi kú ni mo ṣe fọwọ́ sí i." Ẹ̀pà há obìnrin akọ̀wé lọ́fun. Bó ṣe wúkọ́ tán, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáà fọwọ́ sí i, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Bírò wọn dúró lókè ìwé náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yá rúlà obìnrin náà, wọ́n fa ìlà méjì gbọọrọ la fọ́ọ̀mù náà kọjá láti igun dé igun, wọ́n kọ ọ́ sáàárín ẹ̀ pé kò dúró, wọ́n kọ ọjọ́ sí i, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n dé bírò wọn.

Wọ́n wá yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ láti oṣù mẹ́jọ ni mo gbọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ kí o di lọ́yà. Mo ṣì fẹ́ ẹ títí di bí mo ṣe dúró yìí, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n irú ìwé báyìí, mo ti dá a padà fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí n kò mọ̀ rí. N kò lè wá gbà á lọ́wọ́ ọmọ mi." Mo sunkún níbẹ̀, níwájú obìnrin elẹ́pà yẹn, ẹkún tí Ẹlẹ́kún ò lè sun. Bàbá mi fún mi ní áńkáṣíìfù wọn, wọ́n ní kí n má fi fọn imú, kí n fi nu ojú ni.

Mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. A dúró, wọ́n ń wo aago ọwọ́ wọn. Ọkọ̀ dé, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn ẹ̀, wọ́n wá dúró. Wọ́n ní, "Lójú tìẹ, ṣé mo kú dáadáa?" Mo ní, "Bàbá mi, mi ò rí ẹni tó kú tó bẹ́ẹ̀ rí." Wọ́n mi orí bí ẹni tó gba ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n ní àṣìṣe òfin tó wà nínú ìwé eré náà ti pọ̀ jù, pé nígbà míì, kí n máa fi í ránṣẹ́ sí àwọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí àwọn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà míì, Ẹlẹ́yinjú! Ẹnu wọn ni ó ti jáde. Ọkọ̀ ti lọ tán, mo ṣì dúró síbẹ̀.

Bá mi kí Màmá o, sọ fún wọn pé kí wọ́n máa na ẹsẹ̀ yẹn láràárọ̀. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ àti gbogbo ilé. Tóo bá ń fèsì, fi ìwé gígùn fèsì, má fi ìlà mẹ́ta tàn mí jẹ bíi tìgbà yẹn, kí o sì rántí pé o ṣì jẹ mí ní bisikíìtì.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní di lọ́yà mọ́,

Péńpé.